Ooru Àárọ̀ Ọjọ́ Ìwọlé

"Ìyá Uswat! Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ná o! Àfi bí ẹni ń lọ ilé ọkọ!"

Ìyá Damaris ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni. Bí ẹnì kan bá sín níwájú, ẹni tó ń dáná lẹ́yìn ni yóò kí i kú ewu.

Uswat ò tilẹ̀ gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pe ìrun àsùbáà ló ti wọṣọ, tó ń yí po níwájú dígí kékeré tó wà lára ògiri. Síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ti gòkè dé itan báyìí. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ mìíràn mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀, búlúù lórí búlúù, ṣùgbọ́n búlúù kan ti ṣá, èkejì ń dán gbinrin. Bàtà náà ò gbà mọ́. Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ó wo ara rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.

Níta, gbogbo àdúgbò tó wà lẹ́yìn ojú irin l'Ágége ti jí. Ayọ́ọ̀nù eléèédú ń rùn, àwọn ìyá ń pe orúkọ ọmọ, àwọn ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ní. Ìjọba ní Aláúsá ló pàṣẹ: àwọn tó wà ní JSS3 àti SS2 ni kó kọ́kọ́ padà sílé ìwé, kí àwọn yòókù ṣì ní sùúrù. Ìsinmi tó gùn bí òpó iná ti parí. JSS3 ni Uswat wà. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan lójú títì, títí kan ẹni tó ń ta ata, tí kò bi í léèrè.

Bàbá rẹ̀, Ishaq Dàwódù, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oníke tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ máa retí ìpè, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń lọ ní àràárọ̀, bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́.

"Ìyá Uswat," ó pe ìyàwó rẹ̀, "o ò gbàgbé ohun tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ."

Sùlíyá ń to búrẹ́dì sórí àwo rẹ̀, ó ń fi ọ̀rá bò ó. Ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọba Àkràn ló ti ń tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ń wọlé. Kò gbójú sókè. "Mi ò gbàgbé."

"Bí wọ́n bá gbà á wọlé lónìí, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọn ò bá gbà á, Àǹtí Sọ̀fíyàt ń bọ̀ lọ́sàn-án wá mú un lọ sílé olówó kan ní Opebi."

"Wọ́n á gbà á."

"Mo kàn ń rán ẹ létí ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ ṣí i, ṣé wọ́n ṣí i? Ọmọ á kàn máa ga nínú ilé. Níbẹ̀ yẹn, á jẹun, á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò ju kó máa tọ́jú ìbejì kó sì máa fọ aṣọ lọ."

"Bàbá Uswat, mo ní wọ́n á gbà á." Sùlíyá gbé àwo rù. Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí ẹní nínú yàrá. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un lẹ́kọ mu kó tó lọ. Mo ti pò ó sínú kúlà."

"Ẹ̀kọ nìkan kọ́ o," Ìyá Àgbà dáhùn.

Sùlíyá ì bá ti dúró bi í pé kí ni nǹkan mìíràn tó kù. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kì í dúró de búrẹ́dì. Ó lọ.

Ìyá Àgbà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsọmọlórúkọ kan, ni kónílé-ó-gbélé bá ká a mọ́ Èkó. Láti ìgbà náà, rédíò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kòrónà sì ni ọ̀tá rẹ̀. Kò tíì rí i sójú rí, ṣùgbọ́n ó ń bá a jà lójoojúmọ́. Bí Sùlíyá ti kọjá ìta báyìí, ó dìde, ó wọ́ korobá kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ewé dóńgóyárò, ewé tíì, ewé mángòrò, èèpo ọsàn àti ata ilẹ̀ tí a gún ń léfòó lórí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ jáde lọ bá Ìyá Damaris nínú yàrá.

"Uswa, wá kúnlẹ̀ síbí."

"Ìyá Àgbà, mo máa pẹ́!"

"Ẹni tó bá pẹ́ á dé. Ẹni tí Kòrónà bá mú ńkọ́? Gbogbo ọmọ Agége ni ẹ fẹ́ lọ pàdé lójú kan yìí, tí ẹ óò máa mí sí ara yín. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Ooru ló ń pa á. Wọ́n sọ ọ́ nínú rédíò."

"Rédíò ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní ká fọwọ́ ni, ká wọ ìbòmú."

"Rédíò tèmi sọ bẹ́ẹ̀. Kúnlẹ̀."

Uswat wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo òkè. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí ewé? Ọmọ kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà sì da bùláńkẹ́ẹ̀tì ńlá bò ó pẹ̀lú korobá, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ooru kankan má baà sá lọ.

"Fà á símú! Fà á sẹ́nu!"

"Ìyá Àgbà, mo fẹ́ kú!"

"Ẹni tó fẹ́ kú kì í pariwo báyẹn. Fà á!"

Nígbà tí Uswat jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ooru ń jáde lórí rẹ̀ bíi móínmóín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé lára rẹ̀. Ìyá Àgbà nu ún gbẹ, ó fi ìpara mẹ́ńtọ̀ kun iwájú orí àti àyà rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú ọmọ. Ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu tán sí ìsàlẹ̀ ife. Lẹ́yìn náà ó wọ súwẹ́tà fún un lórí yunifọ́ọ̀mù, ó de híjáàbù rẹ̀ dáadáa, ó tún fi ìbòmú sí i, ó sì dúró wò ó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

"Ó yá. Kí Kòrónà wá báyìí, kó wá wò ó."

Uswat ti ń sáré kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ó fo gọ́tà, ó fo ojú irin, ó kọjá àwọn ọlọ́pàá tó ń lé àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀ pá-pá-pá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó là. Oòrùn ti yọ. Lẹ́bàá kòtò kan, ọkùnrin kan ní, "Ọmọ, ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?" Uswat ní, "Ilé ìwé ni, sà!" Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un.

Ariwo ẹnu géètì ilé ìwé dà bí ariwo ọdún Iléyá. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì rí ara wọn láti ìgbà tí ayé ti dúró ń pariwo orúkọ ara wọn. Wọ́n fẹ́ di mọ́ra, wọ́n rántí, wọ́n wá ń fi ìgúnpá kan ìgúnpá. "Ẹ takété síra yín! Mo ní kí ẹ takété!" Ohùn Mísíìsì Akínfẹ́nwá nìyẹn, olùkọ́ wọn tó jẹ́ ará Èkìtì, obìnrin tíńrín tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọmọ tó sanra jù ú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan di ìbọn funfun mú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná. Ó ń nà án sí iwájú orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dún pí lẹ́ẹ̀kan, tó sì tan iná tútù bí ewé, ọmọ á wọlé, á lọ fọwọ́.

Uswat tò. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò lè dúró sójú kan. Ó ń rí kíláàsì wọn lọ́ọ̀ọ́kán, fèrèsé tí wọ́n ti kun ọ̀dà tuntun sí. Ó kàn án.

Ìbọn náà kò dún pí. Ó ké pí-pí-pí-pí, ó sì tan iná pupa.

Mísíìsì Akínfẹ́nwá fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún nà án. Pí-pí-pí-pí. Àwọn tó wà lẹ́yìn Uswat sún sẹ́yìn. Àyè là láàrin ìlà bí ẹni fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì.

"Uswat Dàwódù, ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, mà."

"Ṣé o ń wúkọ́?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tí ara ẹ gbóná tó báyìí?"

Uswat la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ooru Ìyá Àgbà ti dé etí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí gbogbo ojú tó ń wò ó lókè ìbòmú: ojú àwọn tí wọn ì bá sọ ọ́ ní Móínmóín títí ọdún yóò fi parí. Ó pa ẹnu dé.

"Wá kúrò lójú ìlà," Mísíìsì Akínfẹ́nwá sọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Má bẹ̀rù. Lọ sílé, kí wọ́n fi omi nù ẹ́ lára. A máa ti géètì nígbà tí agogo ìsinmi bá lù. Bí ara ẹ bá ti tutù kó tó dìgbà yẹn, padà wá, mà á gbà ẹ́ wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe èmi ni mo ṣe òfin."

Ọ̀sẹ̀ méjì. Uswat mọ̀ pé Àǹtí Sọ̀fíyàt ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Damaris ló kọ́kọ́ rí i bí ó ṣe ń wọlé bọ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Háà, Uswat! Ṣé wọn ò ṣí i mọ́ ni?"

"Wọ́n ṣí i, mà."

"Kí ló wá gbé ẹ wálé?"

"Wọ́n ní ara mi gbóná."

Ìyá Damaris fa etí ìró rẹ̀ bo imú. Ó kàn yára gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ìyẹn ti tó. Kí Uswat tó bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga. Kí ó tó jókòó, ó ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó ti gun kẹ̀kẹ́ márúwá lọ Ọba Àkràn. Wọ́n ní ọmọ oníbúrẹ́dì ti kó Kòrónà. Wọ́n ní wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń wúkọ́ sórí búrẹ́dì. Ọkùnrin kan tó ti bu tirẹ̀ jẹ tu ú sílẹ̀, ó sì ní kí Sùlíyá dá owó òun padà.

Sùlíyá dé pẹ̀lú àwo tó ṣì kún. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó béèrè. "Uswat dà?"

Ẹni tó dá a lóhùn kì í ṣe Uswat. "Ó wà níbí o, ìyàwó. A ti ń retí ẹ."

Sọ̀fíyàt, ẹ̀gbọ́n Ishaq, ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá. Olóòórùn dídùn ni, òun ni gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí wa. Lọ́sàn-án ló yẹ kó dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dé Ọba Àkràn ti bá a lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ márúwá tó gbé e wá ń dúró níta. Ó ti kó aṣọ Uswat díẹ̀ sínú báàgì.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí wa." Sùlíyá kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwo lórí. Ó dìde. "Ṣé ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ní ara ọmọ gbóná?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì fẹ́ mú Kòrónà lọ sílé olówó?"

"Kòrónà kẹ̀!" Sọ̀fíyàt rẹ́rìn-ín. "Kòrónà tó máa mú àwa? Àwa tá à ń jẹ ata rodo? Àwọn tó ń wọ báàlúù ló wà fún. Ibà lásán ni. Kó tó dé Opebi, ara ẹ̀ á ti tutù. Ilé ìwé ò gbà á, Opebi gbà á. Kí ló kù?"

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, Àǹtí wa."

"Èmi ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni mo wà tí mo dé Èkó? Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi ò ní pa á níbẹ̀, owó oṣù ẹ̀ á sì máa dé ọ̀dọ̀ mi, mà á máa bá yín tọ́jú ẹ̀." Ó rọra rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àbí ìrẹsì ta lẹ jẹ nígbà kónílé-ó-gbélé?"

Ishaq ń wo èékánná rẹ̀.

"Ìrẹsì yín la jẹ," Sùlíyá sọ. "Ọlọ́run á san án fún yín. A dúpẹ́ nígbà náà, a tún ń dúpẹ́ báyìí. A ò kàn mọ̀ pé ọmọ la fi ń jẹ ẹ́ ni."

Ìyá Damaris, tó ti ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìró nímú, ní "Hẹ̀n-ẹ́n!" kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

Sùlíyá ò dúró de èsì. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra láti fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó gbé e sí imú. Ó tún fi imú kan irun ọmọ, ó fi imú kan súwẹ́tà, ó wá rọra yíjú sí ẹni tó jókòó sórí ẹní.

"Màámi."

Ìyá Àgbà ń ka àwọn pákó òrùlé.

"Màámi, kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí láàárọ̀?"

"Kí ni mo ṣe? Ooru díẹ̀ ni."

"Ooru!"

"Ooru díẹ̀, mẹ́ńtọ̀ díẹ̀, ẹ̀kọ díẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ni?"

"Tí ọmọ tún wá wọ súwẹ́tà, tó tún sáré nínú oòrùn dé ilé ìwé!" Sùlíyá di orí mú, ṣùgbọ́n àwo búrẹ́dì wà níbẹ̀. "Yéè! Màámi! Ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sè tán ni wọ́n nàbọn sí! Báwo ni kò ṣe ní gbóná?"

Ìyá Damaris já ìró sílẹ̀ kúrò nímú. "Sísè ni wọ́n sè é? Kì í ṣe Kòrónà?" Ẹ̀rín gbé e. Ó fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbà á. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá gbọ́ o! Wọ́n se ọmọ náà ni!"

"Mísíìsì Akínfẹ́nwá ní kí n padà wá kí agogo ìsinmi tó lù," Uswat sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti dé nìyẹn. "Ó ní bí mo bá ti tutù, òun á gbà mí."

"Ó yá, ẹ wẹ̀ fún un," Sùlíyá sọ.

"Omi ti tán ní kànga," Ìyá Damaris sọ. Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ sí ilé ẹja tútù! Ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ìkóríta. Àárín páálí ẹja ló ti máa tutù kíá!"

"Ẹ jókòó," Sọ̀fíyàt pàṣẹ. "Wọ́n ti lé ọmọ. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ishaq, ìwọ lo bá mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe obìnrin."

Gbogbo ojú lọ sára Ishaq. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. "Àǹtí," ó sọ, "lónìí ni mo sọ. Lónìí ò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ."

Wọ́n ò dúró kó tún un sọ. Sùlíyá di Uswat lọ́wọ́ mú, Ìyá Damaris síwájú, Ìyá Àgbà kẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, aránṣọ sáré jáde bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, nígbà tó gbọ́ ó dara pọ̀. Búrẹ́dì ń mì lórí Sùlíyá. Kò rántí pé òun gbé e.

Ìyá ẹlẹ́ja ò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀. Bí wọ́n ti ní "ilé ìwé," ó ti ṣí ilẹ̀kùn irin. Òtútù tú jáde bí èéfín. Uswat bọ́ súwẹ́tà, ó wọlé sáàrin páálí ẹja kọ́tẹ̀ àti títùsì, ìyá ẹlẹ́ja sì tún mú ẹja dídì kan, ó fi lé e níwájú orí. "Di í mú dáadáa. Ìbọn tí wọ́n ní wọ́n ń nà síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ká fi yìnyín sí."

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Wọ́n tún sáré. Lójú ọ̀nà, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Kòrónà láàárọ̀ rí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó ń fò kọjá, ìyá, ìyá àgbà àti aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì dìde dúró. Ìyá Damaris, tó pín ìròyìn àkọ́kọ́, ló tún ń pín èkejì: "Wọ́n kàn sè é ni o! Ẹ ra búrẹ́dì yín! Wọ́n kàn sè é ni!"

Máìgádì ti di géètì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mísíìsì Akínfẹ́nwá jáde wá, ó na ìbọn sí Uswat.

Kò dún rárá. Ojú ẹ̀rọ náà kọ nǹkan tó jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ńbà.

"Kí leléyìí?" Ó gbọn ẹ̀rọ náà, ó tún nà án. "Láàárọ̀ o gbóná bí ààrò. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ní òun ò tiẹ̀ rí èèyàn. Kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí?" Ó gbóòórùn. "Kí ló dé tó ń rùn bí ẹja?"

Ìyá Àgbà ló tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ síwájú. "Tíṣà, ẹ má bínú. Èmi ni mo fi ooru sè é láàárọ̀ nítorí Kòrónà. Wọ́n wá gbé e sínú yìnyín. Ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan."

Mísíìsì Akínfẹ́nwá wo Ìyá Àgbà. Ó wo Uswat. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, awò ojú rẹ̀ kún fún ooru ẹ̀rín tó ń jáde lókè ìbòmú, ó sì ní láti yọ ọ́ kó nù ún. "Ẹ mú un lọ sínú oòrùn," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Mà á tún wò ó."

Ni gbogbo wọn bá ń dúró. Uswat kọjú sí oòrùn, ó pa ojú dé. Àwọn ìyá tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà kúrò nídìí ọjà wọn, wọ́n wá yí i ká, wọ́n sì takété bí òfin ti wí. "Ó ti tó." "Kò tíì tó." "Ẹ yí i padà." "Ẹran suya ni? Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre!" Sùlíyá ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Láàárín ọgbà, ọmọ kan ti mú irin, ó ń rìn lọ sí ìdí agogo.

Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ya wá dúró. Sọ̀fíyàt sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ. Ishaq sọ̀ tẹ̀lé e.

"Mísíìsì, ẹ tún wò ó," Sùlíyá bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó báyìí."

Mísíìsì Akínfẹ́nwá na ìbọn. Onímárúwá pa ẹ́ńjìnnì.

Pí. Ẹ̀ẹ̀kan. Iná tútù.

"Wọlé!" Mísíìsì Akínfẹ́nwá ké. "Wọlé kíá kí ẹnì kan má tún sè ẹ́!"

Ariwo ta. Ìyá Damaris fò sókè, aránṣọ fi ìgúnpá lu ìgúnpá máìgádì, Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó ṣẹ́gun nínú ogun. Uswat ò wẹ̀yìn. Ó sáré gba ààrin ọgbà, síkẹ́ẹ̀tì oníbúlúù méjì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, agogo lù bó ṣe dé ẹnu kíláàsì, máìgádì sì ti géètì. Sùlíyá di irin géètì mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Sọ̀fíyàt dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Ó ti wọlé. Mo ti fún àwọn èèyàn lọ́rọ̀ l'Ópebi. Ta ni mo fẹ́ mú dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, Ishaq?"

Ishaq wo ọgbà fún ìgbà díẹ̀. "Kí ni iṣẹ́ náà gan-an, Àǹtí?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Aṣọ fífọ̀, ilé gbígbá, ìkòkò, kí èèyàn máa gbé ìbejì."

"Mo mọ aṣọ fọ̀," Ishaq sọ. "Mo mọ ilé gbá. Mo ti gbé ọmọ rí. Mi ò níṣẹ́. Èmi ni kí ẹ mú lọ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyàt náà rẹ́rìn-ín, ó fi báàgì nà án léjìká díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń na àbúrò.

"Má fi mí ṣẹ̀sín, Ishaq. Wọn ò wá àgbàlagbà."

"Kí ló dé?"

"Ó tún ń bi mí! Àgbàlagbà á béèrè owó àgbàlagbà. Àgbàlagbà á fẹ́ jẹ àjẹyó. Bí wọ́n bá lu àgbàlagbà, á sọ̀rọ̀..."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Àgbà wo ọmọbìnrin rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọbìnrin tó ti dé Èkó kí ó tó gbọ́n. Lẹ́yìn ògiri, kíláàsì kan ń kí olùkọ́ wọn pẹ̀lú ohùn gígùn, bí orin, ohùn gbogbo wọn pa pọ̀, débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ti Uswat.

"Alájà," onímárúwá pe Sọ̀fíyàt, "ṣé a ṣì ń lọ Opebi àbí a ò lọ mọ́?"

Sọ̀fíyàt fa ìbòmú rẹ̀ sókè títí ó fi kù díẹ̀ kó bo ojú. Ó wọ inú kẹ̀kẹ́, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé báàgì lé ẹsẹ̀, kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onímárúwá wo àyè náà. Ó wo gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó sì wa kẹ̀kẹ́ lọ.